Igbá Tó Ń Ka Ìgbì

Bí mo bá sọ fún ọlọ́kadà tó ń gbé mi láti Ìlódè lọ sí yunifásítì pé ìgbì òkun ni mò ń kà níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Modákẹ́kẹ́, bi mí pé òkun wo ló wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń sanwó fún èèyàn láti máa ka ìgbì rẹ̀. Mo ní kó wo iwájú. Èmi kì í ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ẹni tó ń fi ọwọ́ kan wa ọ̀kadà.

Òótọ́ ló kúkú sọ. Láti Ifẹ̀ dé etí òkun, odindi ọjọ́ kan lèèyàn máa lò bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ọ̀nà sì máa ń bàjẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbì kí n tó fojú kan òkun tí kì í ṣe ti Èkó. Èmi kì í ṣe olùkọ́. Àwọn olùkọ́ ló ń ronú, èmi ni mò ń so wáyà, tí mò ń ṣí ẹ̀rọ, tí mo sì ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti wo iye tí ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́. Ọ̀gá wa, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, ló gbé iṣẹ́ náà wá.

Èrò rẹ̀ ni pé ìgbì tó ń lu etíkun lásán látìgbà tí Ọlọ́run ti dá a, a lè gba agbára lára rẹ̀ ká fi tan iná. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan á máa léfòó lójú omi. Bí ìgbì bá gbé e sókè tó tún sọ ọ́ kalẹ̀, lílọ-sókè-sódò yẹn ló máa yí ohun tó ń mú iná wá. Lẹ́nu ọ̀gá wa, ó dùn ún gbọ́. Ọ́fíìsì tí a ti ń ṣètò rẹ̀ kì í rí iná ọba ju wákàtí díẹ̀ lọ lóòjọ́. Ooru á mú wa, ọ̀gá wa á máa fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ." A ó sì máa bá a lọ.

Àwọn onígbọ̀wọ́ kan láti ìlú òyìnbó ló ní àwọn máa kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan, ọ̀kan ṣoṣo, sí etíkun kan ní apá ibi tiwa yìí. Orílẹ̀-èdè mélòó kan ló ń du ú. Òfin wọn ò lọ́jú pọ̀: kí oníkálukú fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sójú òkun fún odindi ọdún kan gbáko, kó máa kọ bí ìgbì ṣe ga tó sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tí ìgbì rẹ̀ bá tó, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì pé, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ ọ sí. Ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá ní àlàfo, ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nìyẹn.

Abúlé tí a mú wà létí òkun àwọn Ìlàjẹ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé onípákó ni wọ́n kọ́ sórí òpó, òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, iná ọba ò sì débẹ̀ rí. Olórí abúlé náà jẹ́ bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá: ilé yìnyín. Bí àwọn apẹja bá kó ẹja bọ̀, àwọn tó ń wá rà á láti ìlú mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n á kó o sí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ, títí ẹja á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, nígbà náà ni wọ́n á tó dìde láti nájà. Àwọn obìnrin á yan èyí tí wọ́n bá lè yan, ìyókù á dòfo. Bàbá sọ fún ọ̀gá wa lórí fóònù pé kí iná náà ṣáà débẹ̀ kí òun tó kú, kí wọ́n fi mú yàrá kan tutù. Ó ní òun ò béèrè gílóòbù kankan nínú ilé tòun.

Igbá la máa ń pe ẹ̀rọ ìwọ̀n náà, nítorí ó rí roboto. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn tó pọ́n. Bátìrì wà nínú rẹ̀, ohun tó ń mọ bí omi ṣe gbé e ga tó wà níbẹ̀, síìmù tó ń fi iye ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mi ní Ifẹ̀ náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo tò ó. Inú táǹkì kọnkéré kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa la ti dán an wò. Pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ni mo fi ń ti omi kó lè ru. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé ṣé aṣọ ni mò ń fọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n kó tiwọn wá.

Bátìrì ló fẹ́ dà wá láàmú. Kì í pẹ́ tó bí a ṣe fẹ́, nínú gbogbo ohun tó sì ń jẹ ẹ́, èyí tó ń sọ ibi tí Igbá wà ló ń jẹ ẹ́ jù. Mo pa á. Ọ̀gá wa bi mí bóyá kò ní séwu.

"Sà, ìdákọ̀ró onírin la fẹ́ fi dè é mọ́lẹ̀ òkun," mo ní. "Ibo ló fẹ́ lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, a gbé Igbá lọ. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọ̀gá wa tí gbogbo èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún ní Ifẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá, èmi náà kúnlẹ̀. Bàbá ń fi èdè Ìlàjẹ sọ̀rọ̀, mò ń fi ti Ifẹ̀ dá a lóhùn, àwa méjèèjì sì ń gbọ́ ara wa ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n gbé pupuru kalẹ̀ pẹ̀lú ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti inú omi. Mi ò tíì jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì jẹ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó kan kíka òfin. Àwọn onígbọ̀wọ́ ti kọ ìlànà tí a gbọ́dọ̀ kà fún àwọn tó bá gbà wá lálejò, mo sì ti yí i sí Yorùbá ní Ifẹ̀. Gbogbo abúlé jókòó. Mo ka èkíní, mo ka ìkejì, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo dé ìkarùn-ún, mo rí ohun tí mo kọ síbẹ̀: kí ẹnikẹ́ni nínú abúlé má ṣe fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, kí wọ́n má ṣe gbé e kúrò níbi tó wà, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Mo gbójú sókè wo bàbá. Epo ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ìka mi. Báwo lèèyàn á ṣe jẹun tán nílé onílé, á wá máa kìlọ̀ fún un lójú àwọn ọmọ rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan ẹrù òun? Olè nìkan ni wọ́n ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fò ó. Mo ka ìkẹfà bíi pé òun ló tẹ̀ lé ìkẹrin.

Ọ̀gá wa tó mọ ìwé náà wò mí. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ bàbá mú, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín la fi í lé o." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò, ó yíjú sí mi, ó ní, "O káre. Àwọn òyìnbó ò mọ̀ pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn." Inú mi dùn títí a fi dé Ifẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Lọ́jọ́ náà mo dákẹ́, mo sì ṣìwí.

Àwọn oṣù àkọ́kọ́ dára. Iye ń wọlé láràárọ̀, mò ń tò ó sí ìlà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe bàbá. Mi ò fẹ́ràn fóònù, bàbá sì fẹ́ràn ìkíni. Ó máa kí mi kú iṣẹ́, kú ọ̀nà, kú ooru, á béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, á béèrè ikọ́ tó ń ṣe mí lóṣù tó kọjá, èmi á máa tẹ bíírò mi lórí tábìlì. Lẹ́yìn èyí á ní, "Ṣé ẹrù yín ń bá yín sọ̀rọ̀?" Mo máa ń ní ó ń bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ìgbà òjò la gbójú lé. Ìgbà yẹn ni òkun tiwa máa ń ru jù, àwọn oṣù wọ̀nyẹn ló sì máa gbé wa dé ìwọ̀n tí àwọn onígbọ̀wọ́ ń fẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan, iye tó ń wọlé wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Ìgbì tó yẹ kó ga ju èèyàn lọ, Igbá ní kò ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Mo wo èyí tí sátẹ́láìtì ń sọ nípa agbègbè náà: òkun ń ru gùdù. Mo tú ẹ̀rọ kejì tó wà lọ́wọ́ wa palẹ̀, mo wo wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún ètò orí kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wa ń kọ oríṣiríṣi àlàyé sójú pátákó, ó ń pa á rẹ́. A fura sí ara wa, a fura sí bátìrì, a fura sí yanrìn ìsàlẹ̀ òkun. Mo pe bàbá.

"Bàbá, Igbá ńkọ́?"

"Ó wà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A ò gbójú kúrò lára rẹ̀."

"Kò sí ohun tó ṣe é?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é? Ìgbì kankan ò ní lè fọwọ́ kàn án."

Mo ní, "Àmín, bàbá." Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Mo pa fóònù. Nígbà tí bàbá ti ní ó wà, a ò ná owó ọ̀nà láti lọ wò ó; mo padà sídìí wáyà mi.

Ọdún pé, a lọ gbé e. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé ibi tí a ju ìdákọ̀ró sí, omi nìkan la rí. Mo wo ọ̀gá wa, ó ti di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ọkùnrin náà ní ká fọkàn balẹ̀, ó yí ọkọ̀ padà, ó gba ẹnu ọ̀sà wọlé, ó sì gbé wa lọ sẹ́yìn abúlé níbi tí omi ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Igbá wà níbẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ òpó ilé bàbá, níbi tó ti lè rí i láti orí àga rẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀n àtijọ́ bò ó kí ẹyẹ má bàa yàgbẹ́ sí i lórí. Wọ́n ti ha gbogbo ìdọ̀tí òkun kúrò lára rẹ̀, ó mọ́ ju bí a ṣe gbé e wá lọ.

Bàbá wá sọ ọ́ fún wa, ó fara balẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí òkun sì bínú, ó rí i pé okùn tó so Igbá mọ́ ìdákọ̀ró lè já. Ó rán ọkùnrin mẹ́fà jáde nínú ìgbì, àbíkẹ́yìn tirẹ̀ wà lára wọn. Ọkọ̀ fẹ́ dojú dé lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí wọ́n ti ń fa ìdákọ̀ró sókè, okùn wé mọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn bàbá, géńdé ọkùnrin tó ti ní ìyàwó, ó na ọwọ́ láti kí mi. Ìka méjì ò ká mọ́.

Ọ̀gá wa bi bàbá pé kí ló dé tí kò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí.

"Ṣé èèyàn ń ròyìn oore fún ẹni tó ṣe é fún?" bàbá dáhùn. "Ẹrù àlejò ni. Bí ó bá sọnù lọ́wọ́ wa, ojú wo la máa fi wò yín?"

Ọ̀gá wa dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń ka oṣù: láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo tò sí ìlà, ìgbì ẹ̀yìnkùlé bàbá ni. Kò sí èyí tó jẹ́ ti òkun níbẹ̀. Wọ́n tún gbé oúnjẹ kalẹ̀, a sì jẹ ẹ́.

Ní Ifẹ̀, ọjọ́ méjì ni ọ̀gá wa fi ń wo àwọn ìlà tí mo tò. Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí, ó ní iye ti sátẹ́láìtì wà fún àwọn oṣù wọ̀nyẹn, pé kò jìnnà sí òótọ́, pé bí mo bá tò ó sínú àlàfo náà, ta ló máa mọ̀?

"Èmi máa mọ̀, sà," mo ní. "Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé pé Igbá ló kà á. Igbá ò kà á."

Inú bí i. Ó bi mí pé ta ló fo òfin karùn-ún.

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin lẹ sì ní mo káre."

Mi ò kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn bí ojú rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán. Ó ń ronú nípa abúlé yẹn, èmi náà ń ronú nípa rẹ̀. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, "ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ló ń kọjá láàárín wa. Lẹ́yìn náà ló kọ ìròyìn náà fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé a kò ka gbogbo ìlànà fún àwọn tó gbà wá lálejò, pé àṣìṣe tiwa ni, pé àwọn ará abúlé kò ṣẹ̀. Ó bẹ àwọn onígbọ̀wọ́ pé kí wọ́n fún wa ní ọdún kan sí i. Ó gbé e fún mi, mo fọwọ́ sí i.

Èsì àwọn onígbọ̀wọ́ kò pé ojú ìwé kan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ó dun àwọn, wọ́n ní àwọn ti mú etíkun orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọ̀gá wa kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sínú fáìlì, ó ní òun ló máa pe bàbá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá. Èmi náà ò pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Ojú ń tì mí, kí n má purọ́.

Bàbá ló pe èmi. Ọ̀sán ni, mo wà níbi iṣẹ́, mò ń tu bátìrì kúrò nínú Igbá. Ó kí mi kú iṣẹ́, kú ooru, ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn mo dá a lóhùn dáadáa lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí mi ò fẹ́ kó parí ìkíni. Ó parí rẹ̀ ṣá. Ó ní, "Iná wa ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ òfin karùn-ún bí mo ṣe kọ ọ́, mo sọ pé èmi ni mo fò ó àti ìdí tí mo fi fò ó. Mo sọ pé omi ẹ̀yìnkùlé ni Igbá ń kà ní gbogbo ìgbà òjò, pé àwọn onígbọ̀wọ́ ti mú ibòmíràn. Mò ń gbọ́ òkun lẹ́yìn bàbá.

"Ìyẹn ni pé, ká ní a fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ó ní, "kí ìgbì máa gbá a káàkiri, ká má wò ó, ká má bìkítà, ilé yìnyín ì bá jẹ́ tiwa?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ díẹ̀ ju òótọ́ lọ. Mi ò rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó wá ní, "Ẹni tí okùn ká lọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ìwọ ni kó o sọ ọ́ fún un, ọmọ mi. Èmi ò lè sọ ọ́."

Mo gbọ́ tí fóònù kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ọkùnrin náà kí mi, ó béèrè ara mi, ó ní, "Ṣé Igbá dé ilé láyọ̀, mà?" Mo ní ó dé. Mo fi bátìrì tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.